Ibi tí Iná Ń Ṣòfò sí Kí AC Tó Di DC

Akínkúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Mo lérò pé ara ń le bí lẹ́tà yìí ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rí tìrẹ gbà, mo sì fara balẹ̀ ka ibi tí o ti sọ pé ẹ̀rọ tí o fi ń sọ iná AC (iná ilé tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC (iná tó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo) 5 fóltì fún bọ́ọ̀dù rẹ ń gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣe é gbé lé régúlétọ̀ rẹ̀, ìyẹn 7805 tó ń mú fóltì dúró sí 5. O béèrè bí irin tí o máa dè mọ́ ọn kí ó lè máa tutù ṣe yẹ kó tóbi tó. Má bínú, n kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí irin ńlá kò lè dín ooru náà kù. Ńṣe ni yóò kàn gbé e láti ara régúlétọ̀ sínú afẹ́fẹ́, iná tó ṣòfò ti ṣòfò náà nìyẹn.

Jẹ́ ká tẹ̀ lé iná náà láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní iná ilé jẹ́ 230 fóltì, iye tí wọ́n ń pè ní RMS (irú ìpíndọ́gba kan) ni wọ́n ń sọ; ṣóńṣó ìgbì rẹ̀ ga tó nǹkan bí 325 fóltì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 12 fóltì tí wọ́n kọ sára tiráńsífọ́mà rẹ, tó ń bu fóltì iná ilé kù, ṣe jẹ́ nǹkan bí 17 fóltì ní ṣóńṣó. Nínú dáyódù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo, méjì ni iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yọ bí 0.7 fóltì, nítorí náà bí 15.6 fóltì ló ń dé orí kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́. Láàárín ṣóńṣó kan sí èkejì, kapásítọ̀ yìí nìkan ló ń bọ́ bọ́ọ̀dù, fóltì rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣóńṣó 100 ló ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí ìgbì kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó méjì; kapásítọ̀ 4,700 máíkírófáráàdì tó ń fúnni ní ámpíà 1 yóò lọ sílẹ̀ tó bí fóltì 2 kí ṣóńṣó mìíràn tó kún un. Tí a bá mú àárín ibi tó ga jù àti ibi tó lọ sílẹ̀ jù, bí 14.5 fóltì ló ń wọ inú 7805 rẹ.

Ibí yìí gan-an ni òfò wà. Ámpíà 1 tó wọlé náà ló ń jáde, ṣùgbọ́n 14.5 fóltì ló wọlé, 5 péré ló jáde. Wáàtì 5 ni bọ́ọ̀dù rẹ rí lò, 9.5 di ooru. Ó dà bí ẹni tó bu omi ife mẹ́ta kí ó lè mu ẹyọ kan, tó wá da méjì yòókù sílẹ̀. Tiráńsífọ́mà 9 fóltì yóò dín òfò náà kù sí bí wáàtì 5.3, ṣùgbọ́n 7805 nílò bí fóltì 2 lórí 5 tirẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà bí iná ilé bá lọ sílẹ̀ gan-an, àyè tó kù fún un yóò há.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí n yọ 7805 náà kúrò, kí n fi èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní buck converter. Wo bí ó ṣe ń yẹra fún ooru: nígbà tí swíìṣì inú rẹ̀ bá tàn, iná ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fóltì kankan lórí rẹ̀, nígbà tó bá pa, fóltì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò kọjá. Wáàtì sì rèé, fóltì tí a fi ámpíà sọ di púpọ̀ ni, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ooru kò rí ibi wá. Kọ́ìlì kan ló ń tọ́jú agbára náà tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣiṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 85% péré, bí wáàtì 5.9 ni yóò gbà lórí kapásítọ̀ rẹ, èyí tó jẹ́ ámpíà 0.4 dípò 1, tí ìlọsílẹ̀ fóltì tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà yóò sì dín kù.

Ṣájà fóònù a máa lo ọgbọ́n kan náà láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an. Ó ń sọ iná ilé di DC bí 325 fóltì tààrà, ó sì ń gé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 65 kHz (ìgbà 65,000) sì wọ́pọ̀. Nítorí eré yìí ni tiráńsífọ́mà rẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀. Òfò tó kù níbẹ̀ pọ̀ jù lórí dáyódù ìjáde: Schottky (irú dáyódù kan) tó ń yọ 0.4 fóltì yóò jẹ wáàtì 4 ní ámpíà 10, ṣùgbọ́n MOSFET (irú swíìṣì kan) oní-0.01 óòmù tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀ yóò jẹ wáàtì 1 péré.

Jọ̀wọ́, má fọwọ́ ara rẹ kọ́ apá 325 fóltì yẹn. Kapásítọ̀ 100 máíkírófáráàdì tó wà níbẹ̀ lè mú bí júùlù 5 dání lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì tó láti ṣe èèyàn léṣe. Ra èyí tí wọ́n ti ṣe parí, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò. Èyí tí mo ní kí o fi rọ́pò 7805, ẹ̀yìn tiráńsífọ́mà ló wà, ọwọ́ rẹ gbà á.

Kí o tó yọ ohunkóhun, wọn fóltì tó wà lórí kapásítọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́, kí o sì wọn ámpíà tí bọ́ọ̀dù ń fà gan-an, kí o kọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Bí ámpíà náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń mú 7805 náà gbóná, n ó sì fẹ́ rí àwòrán bí o ṣe so ó.

Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
Délé