Ìkéde fún gbogbo lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé: ilé tó rin lẹ́yìn ìjì

Ẹ̀yin ará àdúgbò, a kú ewu ìjì o. Ẹni tí omi bá wọ ilé rẹ̀, kó kọ́kọ́ pa iná láti ibi mítà, bí ibẹ̀ bá gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé gbayawu. Ohun tó tutù gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò bu, nǹkan dúdú yóò sì máa hù lára rẹ̀. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nǹkan dúdú yẹn fẹ́ràn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ọ̀dà lé e. Ọ̀dà kì í pa á, yóò tún yọjú ni. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ dáadáa. Bó bá jẹ́ Hypo tàbí Jik lẹ fẹ́ lò, ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé: èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Fóòmù tó ti mu omi àgbàrá, ẹ dà á nù, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá tó ń bu. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ bá tan nítorí fáànù, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, páànù tó ń jò ni ìdí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú èyí. Ẹ tún un ṣe nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, torí òjò oṣù kẹsàn-án ní Èkó kì í gbẹ̀bẹ̀.

Gọ́tà la ó kó ní Sátidé, aago méje àárọ̀. Kí kálukú mú ṣọ́bìrì wá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́