Ẹ Fún Ilé Ìkàwé Àdúgbò Yín Ní Wákàtí Díẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti bá àwọn tí ó ń wù láti ran ilé ìkàwé ìjọba àdúgbò wọn lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé lọ síbẹ̀ kọ́ ni wọ́n nílò jù.

Bí àánú ilé ìkàwé bá ṣe wá, ìwé àlòkù ni a sábà máa ń kó jọ sínú páálí tí a ó sì gbé lọ. Inú rere ni, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣègùn tàbí ìwé òfin tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ lè ṣi òǹkàwé lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò, kí ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, kí ó fún un ní nọ́ńbà, kí ó sì wá àyè fún un. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀, ẹrù ni irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ń dà. Ẹ kọ́kọ́ bi olùtọ́jú ilé ìkàwé léèrè ohun tí ó ń fẹ́.

Ní tèmi, ọwọ́ ènìyàn ni ó wọ́n jù níbẹ̀, pàápàá fún iṣẹ́ títo ìwé sí àyè rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Ní ọdún 1876 ni Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé lágbàáyé ń lò títí di òní jáde: 500 ni ti sáyẹ́ǹsì, 610 ti ìṣègùn, 630 ti iṣẹ́ àgbẹ̀, 900 sì ni ti ìtàn. Bí ẹnì kan bá mú ìwé nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ní 616, tí ó wá fi í há àárín àwọn ìwé kẹ́míkà ní 661, ìwé náà kò jáde nínú ilé, síbẹ̀ ó ti sọnù. Kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ó wà, aláìsàn tí ó ń wá a yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Àfi kí ẹnì kan dúró ti pẹpẹ náà, kí ó máa ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé níkọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí i. Iṣẹ́ tí ó ń súni ni, kò sì sí ẹni tí yóò yà yín ní fọ́tò nídìí rẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn náà wà: lílẹ ìwé tí ó ya, kíka ìtàn fún àwọn ọmọdé, fífi kọ̀ǹpútà han àwọn àgbàlagbà, gbígbé ìwé lọ fún ẹni tí kò lè jáde nílé. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ yan ọjọ́ tí kò ní yẹ̀, kí ẹ sì kó ẹnu yín níjàánu. Ẹni tí ó yá ìwé nípa ìkọ̀sílẹ̀ tàbí nípa àìsàn kan kò rán wa láti máa ròyìn rẹ̀ kiri àdúgbò.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan ìjọba. Ìkéde tí UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe lórí ilé ìkàwé ní 1949, tí òun àti IFLA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé, tún ṣe àtúnṣe sí ní 2022, fi ojúṣe ilé ìkàwé lé àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ àti ti orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Andrew Carnegie pàápàá, olówó ará Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé tí ó lé ní 2,500, sábà máa ń béèrè pé kí ìlú pèsè ilẹ̀, kí wọ́n sì máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó náà sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú rẹ̀. Kò gbà kí ẹ̀bùn òun sọ ìlú di ọ̀lẹ. Nítorí náà, bí aláṣẹ kan bá fẹ́ lé olùtọ́jú tí ó kọ́ṣẹ́ lọ nítorí pé àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ láìgba owó, ti wà, kí àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ náà kọ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ní agbára kan tí òṣìṣẹ́ kò ní. Ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti dìde ta ko ọ̀gá tí ń san owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tí ó ń san owó orí, lè lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò ètò ìnáwó ọdún, kí ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: òrùlé tí ń jò, pẹpẹ tí ó ṣófo, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì kí àwọn ọmọ tó jáde nílé ẹ̀kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín