Ìwé kì í fọ ọwọ́, ẹ gbé ọṣẹ wá

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo lọ kí aláìsàn kan nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ìwé gàdàgbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: "Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín." Mo yí ẹ̀rọ omi títí, omi ò kán sílẹ̀ rárá. Aláǹtakùn ti ta òwú síbi tó yẹ kí ọṣẹ wà. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó forí lé yàrá àwọn aláìsàn. N kò dá a lẹ́bi, kí ni ì bá fi fọ̀ ọ́?

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Láti ọdún 1847, nígbà tí dókítà Ignaz Semmelweis ní káwọn dókítà máa fi omi kílórínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó yẹ aboyún wò ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, tí ikú abiyamọ sì já wálẹ̀, lọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba. Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, Ọjọ́ Ọwọ́ Fífọ̀ Lágbàáyé, ẹ ó pe oníròyìn, ẹ ó ya fọ́tò nídìí abọ́ omi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ bá abọ́ náà níbẹ̀. Mo tún un sọ, ìwé kì í fọ ọwọ́!

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Ẹ gbé ike omi onídèérí tó ní ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ sínú àpò àwọ̀n, kẹ́ ẹ so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má baà máa já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ wá yan ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má yan ìgbìmọ̀ o, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún sára ike náà. Kó máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó máa fọwọ́ síwèé pé òun ṣe é. Bí omi bá tán, a ó mọ ẹni tí a ó pè.

Ẹ má fi sánítáísà nìkan tàn wá. Kì í ṣí ìdọ̀tí kúrò lọ́wọ́, agbára rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ká norovirus, kòkòrò àrùn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Káwọn olùkọ́ náà máa kọ́ ọmọ láti fi ọṣẹ pa àtàǹpàkò, àárín ìka àti abẹ́ èékánná fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n sì jẹ́ kọ́wọ́ gbẹ.

Ilé ìwòsàn tí kò bá ní omi àti ọṣẹ, kó kọ ọ́ sẹ́nu géètì, káwa tó ń gbé aláìsàn wá lè mọ̀ ká tó wọlé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tọ́rọ̀ yìí ń dùn