Ẹ yẹ ojú wọn wò kí ẹ tó fún wọn ní oògùn oorun

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn àgbàlagbà tí kì í rí oorun sùn lóru. Ẹ dárúkọ ìrònú ọmọ, ẹ dárúkọ àìlówó àti ara ríro, ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ ojú. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ojú ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Awò kan wà lẹ́yìn ọmọlójú. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, á máa pọ́n bí omi tíì tí kò ní mílíìkì, nígbà tó bá yá á ṣú pátápátá. Kátárákìtì nìyẹn. Gbogbo ayé mọ̀ pé kì í jẹ́ kí ènìyàn ríran. Èyí tí a kì í sọ ni pé ojú kò wà fún ìríran nìkan. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kí wọ́n sì sọ fún ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń mọ̀ lára jù, òun gan-an sì ni awò tó ti pọ́n ń dènà. Ọpọlọ tí kò rí ọ̀sán dáadáa kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tú melatonin, èròjà tí ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, sínú ẹ̀jẹ̀. Ni màmá bá ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, wọ́n á wá máa rìn kiri inú ilé ní aago méjì òru.

Orúkọ tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ìyá arúgbó tó bá ń rìn lóru, ẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní tẹ̀ ẹ́ síbí. Àwọn ọmọ tó lajú díẹ̀ a gba kẹ́míìsì Ọjà Ọba lọ ra Válíọ̀mù. Ẹni tí kò ríran dáadáa, tí oògùn oorun tún ń gbé, ìṣubú ló kù.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú kátárákìtì: wọ́n á yọ awò náà, wọ́n á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, bí dókítà Harold Ridley ti kọ́kọ́ ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Ojú nìkan ni wọ́n sábà máa ń fún ní oògùn kó má baà mọ ìrora, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. (Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti awò sẹ́yìn nínú ẹyinjú káàkiri abúlé kò yọ nǹkan kan o, ojú ni wọ́n ń bàjẹ́.) Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àwọ̀ búlúù wá hàn sí ìyá kan ní Òkè Àró débi pé ó bi mí bóyá wọ́n ti bá òun tún àdìrẹ òun rẹ láró ni.

Oorun ọ̀pọ̀ máa ń dára sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Bàbá tí ìtọ̀ ń jí lóru, ojú kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ tó bá gbọ́ pé àgbàlagbà kò sùn, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọlójú wọn kó tó kọ oògùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé àga wọn síta láàárọ̀. Tí iná bá sì dé lóru, ẹ pa gílóòbù: ojú tí wọ́n ti ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Àkúrẹ́