Lẹ́tà sí Àkànjí, lórí ọkọ̀ fáíbà àlòkù tó rà

Èpé, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànjí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ pé o ti ra ọkọ̀ ojú omi kan ní Ìkòròdú, ọkọ̀ fáíbà kékeré tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ́ńjìnnì Yamaha oní-agbára ẹṣin 40 tí gbogbo èbúté mọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn, nítorí pé owó ọkọ̀ ojú omi ni mo fi rán ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé ọ̀dà ni o fẹ́ fi owó tó ṣẹ́ kù rà, ọ̀rọ̀ yìí ni kò sì jẹ́ kí n sùn lánàá. Jọ̀wọ́, fi ọ̀dà sílẹ̀ ná.

Pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi kọ́, igi ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáíbà nìkan ni ojú ń rí. Bí omi bá ti ráyè gba ihò bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú wọlé, igi náà yóò máa jẹrà nínú lọ́hùn-ún láìsí ẹni tó mọ̀. Mú èèkù òòlù, kí o máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, kí o sì tẹ́tí sílẹ̀: ibi tí igi bá ti le, yóò dún ko, ko, ibi tó bá ti jẹrà, yóò dún bù, bí ìgbà tí èèyàn lu iṣu tó ti rà. Lẹ́yìn náà, di orí ẹ́ńjìnnì mú, kí o mì í síwá sẹ́yìn. Bí pátákó náà bá ń bá a mì, má ṣe gbé ọkọ̀ kúrò ní èbúté títí káfíńtà ọkọ̀ yóò fi pààrọ̀ igi rẹ̀, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá já lórí ọ̀sà, yóò fa ẹ̀yìn ọkọ̀ ya, omi yóò sì kún un kí o tó wá nǹkan tí o ó fi gbọ́n ọn.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, omi ọ̀sà ló ń mú un tutù. Rọ́bà kékeré kan wà nínú pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀, tó ní apá yí ká bí ìràwọ̀, òun ló ń fa omi gòkè. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, wàá rí omi tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé. Má ṣe gbójú kúrò lára omi yẹn. Ní ọdún kan, mẹkáníìkì sọ fún mi pé rọ́bà náà ti gbó, mo sì ní kí ó fi sílẹ̀ di ọjà tó ń bọ̀, torí pé owó ẹja kò tíì wọlé. Agbọ̀n ẹja yíyan mẹ́fà ni a kó lọ́jọ́ náà. Kí a tó dé Èjìnrìn, omi yẹn tín-ín-rín, ó di ẹ̀kán, ó sì dá. Èmi ni mo rí i, n kò sì sọ fún atukọ̀, mo rò pé yóò padà. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó gúnlẹ̀. Apá mẹ́ta péré ni wọ́n bá lára rọ́bà náà nígbà tí wọ́n tú pọ́ọ̀ǹpù, píṣítìnnì sì ti gan. Pààrọ̀ tìrẹ báyìí, má ṣe bi ẹni tó tà á fún ọ bóyá ó ṣì dára, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Inú epo ni a ti ń po ọ́ìlì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ìdajì lítà ọ́ìlì sí lítà epo 25 ni èmi ń lò, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì tìrẹ bá sọ ni kí o ṣe, má fojú wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí epo inú kẹ́ẹ̀gì silẹ̀ kí o tó dà á, kí o sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ epo ni omi máa ń wà. Tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ wò pẹ̀lú: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń dínà omi, ti lọ nìyẹn.

Omi wa níhìn-ín kò níyọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tìrẹ lọ́hùn-ún, omi òkun a máa wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ti dé, ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ dúrọ́ọ̀mù omi kànga, kí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Nígbà òjò, koríko orí omi àti gẹdú tó já sójú omi ni kí o máa ṣọ́. Gẹdú náà a máa rì dé ibi tí orí rẹ̀ nìkan ló kù, nítorí náà má ṣe sáré.

Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì, so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ. Bí o bá ṣubú sómi, ẹ́ńjìnnì yóò kú, ọkọ̀ kò ní yí padà wá bá ọ. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, wọ̀ ọ́ sọ́rùn kí o tó kúrò ní èbúté, má fi jókòó. Forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, dúró sílé, kódà bí ẹni tó háyà rẹ bá ń bínú. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Mo fi rọ́bà pọ́ọ̀ǹpù méjì rán àbúrò rẹ sí ọ, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan fún ìpamọ́. Ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ fún mi lórí fóònù kí mẹkáníìkì tó tú u. Bí kò bá bá a mu, dá a padà, màá lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.