Lẹ́tà sí ẹ̀yin abiyamọ tó ń yan láàárín iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ tíṣà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú làálàá ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ kan tàbí méjì, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ padà sẹ́nu ìwé, ẹ ò yéé bi mí pé: "Mọ́mì, ṣé kí n ṣe nọ́ọ̀sì ni àbí tíṣà?" Mo mọ ohun tí àwọn ará ilé ti sọ fún yín. Wọ́n ní tíṣà ló yẹ abiyamọ, pé bí aago méjì bá ti lù, ilé yá, ìgbà tí ọmọ bá gba ọlidé ni ìyá náà ń gbà á. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ru ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kan wálé láti máàkì rí.

Èmi ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, àbúrò mi obìnrin sì ṣe agbẹ̀bí. Lẹ́sìn nóòtì tí ọ̀gá máa buwọ́ lù láàárọ̀ Mọ́ńdè, alẹ́ Sọ́ńdè lẹ máa kọ ọ́, nígbà tí ọmọ tiyín ń fa yín láṣọ pé kí ẹ bá òun wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ẹ bá sì fi máa dáhùn, ohùn ti há, ọmọ ọlọ́mọ ti gbà á tán láti àárọ̀.

Ní ti nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ló ń bà yín lẹ́rù, ó sì tó ó bà ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tún mọ èyí mọ́ ọn: bí àkókò àtilọ bá tó, tí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò dé, ẹ ò gbọdọ̀ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ń fọ́mọ lọ́yàn, mo lọ dúró dè é lọ́jọ́ kan. Wàrà ti rin iwájú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi fáìlì aláìsàn bò ó mọ́yà, ó ṣì ń to oògùn aláìsàn lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tó pẹ́ dé. Àmọ́ nígbà tó bá wà ní ọ́ọ̀fù, lọ́jọ́ Túsìdeè gangan, ilé ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Tíṣà wo ló ń rí irú Túsìdeè bẹ́ẹ̀?

Torí náà, ẹ jẹ́ ká fi ti èyí tó rọrùn sílẹ̀. Ta ni yóò sùn ti ọmọ lálẹ́ tí ẹ ò bá sí nílé? Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè dárúkọ, èrò tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíṣà.

Ìwé rẹ̀ pàápàá gba abiyamọ láyè. National Teachers' Institute, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Kaduna, ń kọ́ni ní NCE, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń ṣe tíṣà, láìní kí èèyàn fi ilé sílẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì ń fẹ́ kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Ẹni tó ṣe Arts ní láti tún WAEC jókòó fún. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ibí yìí lẹ ti máa ṣìnà o. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lè ní kí ẹ wá sanwó kí àwọn fi oṣù díẹ̀ kọ́ yín ní "auxiliary nurse", kí ẹ máa wọ funfun lọ máa wọ funfun bọ̀. Nursing and Midwifery Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, kò mọ̀ yín pẹ̀lú ìyẹn. Wọn kò ní fún yín ní láísẹ́ńsì, ìjọba kò ní gbà yín síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ ó máa gbà bí iṣẹ́ tilẹ̀ pọ̀ tó. Iye ọdún tí ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ olówó kékeré yẹn lè gbé yín parí NCE.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹni tó bá ti ṣe tíṣà ti ti ìlẹ̀kùn nọ́ọ̀sì. Kofoworola Abeni Pratt kẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ní United Missionary College, Ìbàdàn, ó kọ́ ọmọ ní CMS Girls' School l'Ékòó, ó sì wọlé ọkọ ní 1941. Ní 1946 ló tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ló padà di mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ jápa? Mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn ìdajì yín. Ẹ rántí pé ní oṣù kejì 2024, Council náà ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àwọn tó bá a fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sókè òkun; àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn gan-an. Òfin ìrìn àjò sókè òkun máa ń yí padà kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú, ẹ má gbé ilé yín lé e.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa wí pé "ṣe èyí tó bá wù ọ́." Bí ìyàwó yín bá yan nọ́ọ̀sì, kí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìlédìí àti bí wọ́n ṣe ń po ògì ọmọ kí admission tó jáde.

Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ̀wé bi mí, kó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀, kó tó kọ èsì WAEC rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá yín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì