Iye pẹ́pẹ́yẹ tí ọdẹ pa: ìfojúbù ni, kì í ṣe kíkà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ìyẹn ni bí àwa òǹkàwé àti ẹ̀yin akọ̀ròyìn ṣe ń gba iye pẹ́pẹ́yẹ igbó tí wọ́n ní àwọn ọdẹ pa lọ́dún bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ti òkìtì ẹyẹ, tó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde láti Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a sábà máa ń rí, kò ní àlàyé lẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọdẹ àti àwọn tó kórìíra rẹ̀ á sì gbé e lọ síbi àríyànjiyàn wọn. Kò sí ẹni tó ka àwọn ẹyẹ náà. Ohun tí àwọn ọdẹ díẹ̀ sọ ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì sọ di ti gbogbo ọdẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò rí bákan náà ní gbogbo ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ U.S. Fish and Wildlife Service ló ń bójú tó o. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Harvest Information Program, tó mú un ní dandan kí ẹni tó bá fẹ́ dọdẹ ẹyẹ aṣíkiri forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á wá ṣa díẹ̀ nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì ní kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n pa lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ìwádìí kejì wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó ti wà láti ọdún 1961: àwọn ọdẹ kan á gé apá kan lára pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pa, wọ́n á fi í sínú àpòòwé, wọ́n á fi ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ á sì pàdé lọ́dọọdún láti fi ìyẹ́ apá náà mọ irú ẹyẹ tó jẹ́, bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ọmọ ọdún náà ni tàbí àgbà. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, fóònù ni wọ́n fi ń pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2009. Ní Dẹ́ńmáàkì ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 1941 ni ìjọba ti ń gba àkọsílẹ̀ ohun tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan pa, òfin sì ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lójú tèmi ni ti àwọn tí kì í dáhùn, ẹ sì jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ọdẹ 10,000 ló gba ìwé àṣẹ. Ká ní wọ́n ṣa 1,000 nínú wọn, wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn, àwọn 400 péré ló sì fèsì. Bí a bá pín iye tí àwọn 400 yìí pa ní dọ́gba-dọ́gba, tí pẹ́pẹ́yẹ 8 sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sọ 8 di púpọ̀ lọ́nà 10,000 yóò kéde pé àwọn ọdẹ pa 80,000. Ṣùgbọ́n àwọn 600 tó dákẹ́ ńkọ́? Ẹni tó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, tí kò sì pa nǹkan kan, kì í gbà pé lẹ́tà náà kan òun. Ẹni tó pa púpọ̀, tí inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ṣe, ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá láti kọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ pé 3 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 600 yẹn, ìpíndọ́gba gbogbo àwọn 1,000 náà kò ju 5 lọ, àpapọ̀ iye tí wọ́n pa yóò sì jẹ́ 50,000. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ ló sọ òótọ́, síbẹ̀ 30,000 ẹyẹ ti wọ inú ìṣirò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìnbọn lù wọ́n.

Ti àwọn tó dáhùn pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi ohun tí ọdẹ kọ sínú lẹ́tà wé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ẹran rẹ̀ wò ní ibùdó ọdẹ, wọ́n sì rí i pé iye tí àwọn ọdẹ ń kọ máa ń ga ju iye tí wọ́n pa lọ, pé wọ́n fẹ́ràn nọ́ńbà tó parí sí 0 tàbí 5, wọ́n sì fẹ́ràn iye tí òfin gbà láti pa lóòjọ́. Mo rò pé ìgbéraga nìkan kọ́ ló ń fa èyí. Ọjọ́ tí ọdẹ pa pẹ́pẹ́yẹ 6 máa ń dúró sí i lọ́kàn. Òwúrọ̀ tó fi dúró nínú òtútù láàárín esùsú títí oòrùn fi ga, tó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, ni kì í rántí nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti ìpè fóònù tí wọ́n ń ṣe nígbà tí àkókò ọdẹ ṣì ń lọ lọ́wọ́ dára ju lẹ́tà ìparí ọdún lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tún lè jọ fara pamọ́ sí ojú kan, kí wọ́n jọ yìnbọn sí agbo ẹyẹ kan náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì kọ gbogbo ohun tó bọ́ sílẹ̀ sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó pa ju iye tí òfin gbà lọ sì rèé, dájúdájú kò ní kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Ọ̀kan ń gbé iye náà sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀, kò sì sí ohun tó dá wa lójú pé àwọn méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́.

Ìwé àbọ̀ ìwádìí tó bá kúnjú òṣùwọ̀n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà pé ó lè fi báyìí-báyìí lé tàbí kó fi báyìí-báyìí dín. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àlàfo yẹn ń sọ bí èsì ìwádìí náà ṣe lè yàtọ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣa àwọn ọdẹ mìíràn. Kò sọ ohunkóhun nípa ìgbàgbé, àsọdùn àti ìdákẹ́. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè kọ ọ́ pé 80,000 náà kò lè fi ju ìdá 5 nínú 100 lé tàbí dín, kí ìṣirò yẹn sì péye bó ti yẹ, síbẹ̀ kí òótọ́ wà ní 50,000 níbi tí àlàfo náà kò dé. Ìyẹn nìkan kọ́. Àlàfo tó kéré fún gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń fẹ̀ gan-an bí a bá bọ́ sí ìpínlẹ̀ kékeré kan, a sì tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú pẹ́pẹ́yẹ tí kò wọ́pọ̀, nítorí pé apá mélòó kan tó wá látọ̀dọ̀ ọdẹ méjì tàbí mẹ́ta lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ nínú ìwé àbọ̀. Irú àwọn ẹyẹ yẹn gan-an ló sì yẹ kí a máa ṣọ́ jù.

Mo tún fẹ́ kí a rántí àwọn ẹyẹ tí ọta bà, tí wọn kò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pẹ́pẹ́yẹ tí ọta wẹ́wẹ́ wọ̀ lára lè fò lọ kó kú sínú àbàtà, kò sì ní sí nínú àpò ọdẹ, kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá dìídì béèrè. Ní Dẹ́ńmáàkì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ X-ray yẹ ìbátan pẹ́pẹ́yẹ kan wò tí wọ́n ń pè ní pink-footed goose, wọ́n sì rí i pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú àwọn àgbà ẹyẹ náà tí ọta wà nínú ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ọta bà tí wọ́n sì yè. Nítorí náà, bí a bá kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ọdẹ "pa" iye kan, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá iye tí wọ́n gbé délé ni wọ́n ń sọ tàbí iye tó kú.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé bí ìfojúbù náà bá tilẹ̀ ga ju òótọ́ lọ, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ìjọba á kàn ṣọ́ra sí i ni. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Láti ọdún 1930 tí Frederick Lincoln, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà kan, ti gbé ọ̀nà kan jáde ni wọ́n ti lè fi iye tí ọdẹ pa mọ iye ẹyẹ tó wà láàyè: wọ́n á fi òrùka sí ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ kan, wọ́n á wo ìdá mélòó nínú wọn tí ọdẹ pa, wọ́n á sì fi ìdá yẹn pín àpapọ̀ iye tí wọ́n pa. Bí ọdẹ bá pa 100 nínú ẹyẹ olórùka 1,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Bí 50,000 bá jẹ́ àpapọ̀ iye tí wọ́n pa, 500,000 ni gbogbo ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n bí ìwádìí bá sọ pé 80,000 ni, a óò gbà pé 800,000 ló wà, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ 300,000 kò sí níbì kankan àfi lórí ìwé. Ìfojúbù tó ga jù ti sọ agbo ẹyẹ di ńlá lójú ẹni tó fẹ́ dáàbò bò ó. Òrùka náà sì tún gbára lé ẹnu ọdẹ: ní ìparí àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òrùka tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà rí lára pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń jábọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gbé nọ́ńbà fóònù ọ̀fẹ́ jáde ní àárín àwọn ọdún 1990, ó wá ju 7 lọ nínú 10. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé àyípadà yìí ṣẹlẹ̀ lè rò pé iye ẹyẹ tí àwọn ọdẹ ń pa ló ròkè lójijì.

Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ náà ló ń ba ìfiwéra ọdún sí ọdún jẹ́. Bí àṣìṣe ìwádìí kan bá ga lọ́dọọdún ní ìwọ̀n kan náà, ó ṣì lè fi ìlọsókè àti ìrẹ̀sílẹ̀ hàn wá dáadáa, mo sì gbà pé ibi tí ìwúlò rẹ̀ pọ̀ sí jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà kúrò nínú ètò àtijọ́ tí wọ́n ń lò láti ọdún 1952 bọ́ sínú ti tuntun, ìyẹn Harvest Information Program, U.S. Fish and Wildlife Service fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà àwọn méjèèjì wéra tààràtà. Àwọn tó ń ya àwòrán ìlà gígùn kan láti ọdún 1952 títí di òní ti gbójú fo ìkìlọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tó ní kí wọ́n da ìwádìí wọ̀nyí nù. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe wọ́n, nítorí pé láìsí wọn, àbá lásán ni gbogbo òfin ọdẹ yóò dá lé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Ẹ̀yin olóòtú, nígbà mìíràn tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá dé orí tábìlì yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ iye ọdẹ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tó dáhùn, ẹ sì sọ bóyá wọ́n ka èyí tí ọta bà tó sọnù mọ́ ọn. Gbólóhùn méjì péré ni yóò gbà yín. Ní ti àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, mo fẹ́ kí wọ́n máa padà tọ díẹ̀ nínú àwọn tí kò dáhùn lọ lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn 50 péré, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: mélòó lẹ pa? Kí wọ́n sì fi ìdáhùn yẹn síta pẹ̀lú àwọn ìyókù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan